Ìrìn-àjò Mi sí Abà Oníkòkó, àti Bí Búútà Ṣe Dá Ẹjọ́ Ìwọ̀n

Ní oṣù kọkànlá ọdún tí ó kọjá ni mo rin ìrìn kan tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún yín. Kì í ṣe ìrìn Mẹ́kà, kì í sì í ṣe ìrìn òkè òkun. Láti Ìbàdàn dé abà kan lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀ ni, ọjọ́ méjì péré ni mo sì lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí níbẹ̀ kò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí mo padà délé.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lèmọ́mù abà náà àti èmi jọ jókòó lórí ẹní kan náà ní ilé-kéwú nígbà tí a wà ní kékeré. A jọ kọ wàláà, a sì jọ jẹ ẹgba lọ́wọ́ Alfa wa. Ó ránṣẹ́ sí mi pé ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn tí ó ti kú fi oko kòkó kékeré kan sílẹ̀ fún mọ́ṣáláṣí ní wákàfì, pé owó kòkó ọdún náà ni wọn yóò fi ra páànù òrùlé, nítorí òjò ń rọ̀ lé àwọn olùkírun lórí láti ọjọ́ pípẹ́. Kòkó ti gbẹ, ó sì ti wà nínú àpò 9, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò balẹ̀ sí ìwọ̀n ẹni tí ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn. Ó ní, "Alfa Ládàánì, mo gbọ́ pé ẹ ní ìwọ̀n ní mọ́ṣáláṣí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e bọ̀ kí a fi wo tiwọn."

Lóòótọ́ ni a ní in. Àwọn ìyá wa, àwọn Alásàláátù, ni wọ́n dá owó jọ tí a fi rà á ní Dùgbẹ̀, nítorí ìrẹsì tí wọ́n máa ń fi owó àjùmọ̀dá rà kí oṣù Ràmàdáánì tó wọlé. Ọwọ́ èmi ni ó ń gbé, nítorí èmi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹrù mọ́ṣáláṣí wà lọ́wọ́ mi. Ojú rẹ̀ rí roboto bí aago ara ògiri. Ìkọ́ kan wà lókè tí a fi ń so ó rọ̀ lára igi àjà, ìkọ́ kan sì wà nísàlẹ̀ tí a ń gbé ẹrù kọ́. Nínú ikùn rẹ̀ ni sípíríǹgì wà, irin tí a lọ́ bí ejò tí ó ká jọ. Bí ẹrù bá fà á wálẹ̀, á nà, irin mìíràn tí ó léyín bí ayùn á sì yí abẹ́rẹ́ tí ó wà lójú rẹ̀. Láti òdo títí dé kílò 100 ni nọ́ńbà rẹ̀, ìlà kan fún kílò kan. Mo fi aṣọ ìnura wé e, mo kì í bọ inú àpò, mo sì gba gáréèjì Ìwó Road lọ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà.

Ọkọ̀ wa kọjá Àsẹ̀jìrẹ́ níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun tí Ìbàdàn ń mu, a sì dé Ìkirè. Ta ni yóò kọjá ní Ìkirè tí kò ní ra dòdò dúdú náà? Mo rà á. Obìnrin tí ó tà á fún mi kò lo ìwọ̀n kankan, ojú ni ó fi wọ̀n ọ́n, ó sì fi díẹ̀ sí i fún mi ní ẹ̀ènì nítorí fìlà Alfa tí ó wà lórí mi. Èrò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi béèrè pé ṣé aago ni mo gbé sínú àpò. Nígbà tí mo wí fún un pé ìwọ̀n ni, ó mí kanlẹ̀. Ó ní kóńgò ni wọ́n fi ń wọn gààrí fún òun láti kékeré, òun sì ti rí kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú, òun ti rí èyí tí wọ́n rọ nǹkan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní ìwọ̀n Òyìnbó yìí ni ó dára, nítorí irin kò mọ irọ́ pa. Mo gbà fún un. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ tẹ àpò mi bí ẹni tí ó gbé adájọ́ sínú rẹ̀.

Láti Gbọ̀ngán a dé Ilé-Ifẹ̀, mo sì wọ ọkọ̀ mìíràn tí ń lọ sí ọ̀nà Oǹdó. Lẹ́yìn Ìfẹ̀tẹ̀dó, kí a tó dé Òkè-Igbó, ìlú tí wọ́n bí D. O. Fágúnwà sí ní 1903, mo sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kadà sì gbé mi wọ ọ̀nà erùpẹ̀ kan lọ. N kò ní dárúkọ abà náà, bẹ́ẹ̀ ni n kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹni tí kò bá tí ì dé oko kòkó ní ìgbà ìkórè kò ní mọ ohun tí mo ń wí. Abẹ́ igi ṣókùnkùn bí ìrọ̀lẹ́, ewé gbígbẹ sì ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀. Ara igi gan-an ni èso ń so mọ́, kì í ṣe ẹ̀ka nìkan, òmíràn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, òmíràn ṣì tutù. Wọ́n á là á, wọ́n á kó hóró rẹ̀ tí omi funfun bò sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí ó lè bà, kí wọ́n tó sá a sí oòrùn. Òórùn rẹ̀ kan díẹ̀ bí ẹmu àná. Ní iwájú ilé gbogbo ní abà náà ni wọ́n sá kòkó sí, àwọn ọmọdé sì ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ kiri kí ìsàlẹ̀ lè gbẹ bí òkè. Adìẹ kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n òjò tí ó bá yọ lójijì, gbogbo ilé á sáré jáde, ìyàwó, ọkọ, àlejò. Èmi náà sáré ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé.

Ilé gíga tí ẹ ń rí ní Dùgbẹ̀, Kòkó-Háòsì alájà 26 tí wọ́n ṣí ní 1965, inú irú abà báyìí ni owó rẹ̀ ti jáde. Bàbá àgbàlagbà kan sọ fún mi ní alẹ́ pé nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, póùn 140 ni àpò kòkó kan, àpò 16 ni ó sì ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Nígbà tí kílò dé, wọ́n sọ àpò di kílò 62 àti ààbọ̀, 16 náà ni ó ṣì ń pé tọ́ọ̀nù. Ìgbìmọ̀ tí ń ta kòkó, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1947, ni ó ń dá iye owó lé e ní ọdọọdún. Nígbà tí ìjọba tú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká ní 1986, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó àti ìwọ̀n lè wá ra kòkó. Bàbá náà fi ọwọ́ gbá itan rẹ̀, ó ní, "Owó ni wọ́n fi ń dù wá tẹ́lẹ̀, Alfa. Nísinsìnyí, ìwọ̀n ni wọ́n fi ń dù wá."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ akẹ́rù dé. Akọ̀wé tí ń bá olówó rẹ̀ ra kòkó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwọn alágbàṣe méjì, ó so ìwọ̀n tirẹ̀ rọ̀ sára igi tí wọ́n gbé dábùú láàárín igi oríta méjì. Ìwọ̀n náà jọ tiwa, àfi pé ó tóbi jù ú lọ, ó sì ti pẹ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ dúró sójú òdo gẹ́lẹ́. Mo so tiwa rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àpò kìn-ín-ní nínú kòkó mọ́ṣáláṣí kọ́ ìwọ̀n tiwọn: kílò 58 àti ààbọ̀. Wọ́n gbé àpò kan náà kọ́ tiwa: kílò 63 àti ààbọ̀.

Ariwo sọ. Kílò márùn-ún lórí àpò kan! Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe akọ̀wé náà ní olè, ọ̀kan sì ti mú àdá rẹ̀ dání, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé oko ni ó ń lọ. Akọ̀wé náà kò bẹ̀rù. Ó ní, "Ta ni ó sọ pé tiyín ni ó tọ̀nà? Ìwọ̀n olówó mi, òkè òkun ni ó ti wá. Bóyá oòrùn ilẹ̀ yìí ni kò bá a lára mu." Lèmọ́mù ní kí n sọ̀rọ̀. Mo tẹ̀ síwájú, mo gbé Súrátù Mútáfífíínà kà, èyí tí í ṣe súrà 83 nínú Àlùkùránì, tí ó bá àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù wí, mo sì rán wọn létí Ànábì Ṣúáíbù àti àwọn ará Mádíyánà, bí ìparun ṣe bá wọn. Mo wàásù náà dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé mo gbádùn ohùn ara mi.

Ibẹ̀ ni tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọn ti dá sí i. Onígbàgbọ́ ni, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní wàásù Alfa dára, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu ni ìwọ̀n méjèèjì, a kò sì tí ì mọ èyí tí ó ń sọ òótọ́. Ó ní kí a wá ohun tí gbogbo wa mọ iye tí ó wúwo. Ó wò yí ká, ó rí búútà tí mo fi ṣe àlùwàlá níbi tí mo gbé e sí. Ó béèrè iye omi tí ó ń gbà. Ìgò omi lítà kan wà nínú ẹrù mi, a fi í bu omi sínú búútà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kún. Tíṣà ní, "Lítà omi kan, kílò kan ni. Láti inú omi ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú kílò jáde ní ilẹ̀ Faransé, kí wọ́n tó wá fi irin ṣe é. Búútà yìí tó kílò méjì, ike rẹ̀ kò sì wúwo tó ohun tí ìwọ̀n wọ̀nyí lè rí."

Ó gbé búútà kọ́ ìwọ̀n akọ̀wé. Abẹ́rẹ́ kò mira. Búútà tí omi kún inú rẹ̀ ń fì lórí ìkọ́, abẹ́rẹ́ sì dúró sójú òdo bí ẹni tí ó sùn. Ọmọdékùnrin kan bú sí ẹ̀rín, ó ní, "Omi Alfa kò wúwo!" Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gbé àpò píọ̀ wọ́tà kan wá, èyí tí ọ̀rá 20 wà nínú rẹ̀, tí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ààbọ̀ lítà. Ó yẹ kí ó tó kílò 10. Ìwọ̀n akọ̀wé ní 6. Akọ̀wé ní àwọn tí ń ṣe píọ̀ wọ́tà kì í rọ ọ́ kún. Irọ́ kọ́ ni èyí nígbà mìíràn, nítorí náà a gbé sìmẹ́ńtì tí a kò tí ì tú lára èyí tí wọ́n rà fún mọ́ṣáláṣí, tí a kọ kílò 50 sí lára. Ìwọ̀n akọ̀wé ní 46. Tíṣà fi èédú kọ ọ́ sára ògiri: 2 di òdo, 10 di 6, 50 di 46. Kílò mẹ́rin ni ó ń sọnù ní gbogbo ìgbà, ìbáà ṣe ẹrù kékeré, ìbáà ṣe ńlá.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa níbẹ̀, mo sì gbìyànjú láti rántí rẹ̀ bí ó ti wí i. Sípíríǹgì ní òfin kan tí Ọlọ́run Ọba fi sí i lára: bí o bá fi ẹrù kan fà á tí ó nà ní ìwọ̀n ìka kan, ẹrù méjì yóò nà án ní ìka méjì, ẹrù mẹ́ta ní ìka mẹ́ta. Robert Hooke, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé òfin náà jáde. Ní 1676 ó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní lẹ́tà tí ó dà pọ̀ mọ́ra tí ẹnikẹ́ni kò lè kà, kí ẹlòmíràn má bàa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó di 1678 kí ó tó tú ìtumọ̀ rẹ̀. (Mo ní nínú ara mi pé àwọn Alfa kan ní ìlú wa ì bá mọ Hooke yìí lọ́rẹ̀ẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ tírà.) Ní nǹkan bí 1760, Richard Salter ní Bilston bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin yìí ṣe ìwọ̀n tà, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí orúkọ Salter lára ìwọ̀n àtijọ́ ní ọ̀pọ̀ ọjà.

Tíṣà ní níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé iye kan náà ni ó ń sọnù, sípíríǹgì fúnra rẹ̀ kò ní àrùn. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kíkà ni wọ́n yí. Ó ní kí akọ̀wé tú gíláàsì ojú ìwọ̀n. Akọ̀wé kọ́kọ́ kọ̀, ṣùgbọ́n Baálẹ̀ abà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì tú u. Ìṣó tín-ín-rín kan wà níbi òdo, òun ni abẹ́rẹ́ fara tì. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, abẹ́rẹ́ ṣubú sẹ́yìn òdo ní ìlà mẹ́rin. Ibi tí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn ní tòótọ́, ìṣó náà ni kò jẹ́ kí ojú wa rí i. Kílò mẹ́rin ìṣáájú nínú ẹrù ẹnikẹ́ni, dídé sójú òdo ni ó ń fi wọ́n ṣe.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá ń bu kòkó kún àpò títí ìwọ̀n náà fi sọ pé 62 àti ààbọ̀, kílò 66 àti ààbọ̀ ni ó fi sílẹ̀. Bí ó bá ta tọ́ọ̀nù kan, àpò 16, kílò 64 ni ó bá a lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ju odindi àpò kan lọ. Ìyá opó kan tí ó jókòó sórí odó gbọ́ ìṣirò yìí, ó bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìborùn, kò sì sọ nǹkan kan.

Ní ti oòrùn tí akọ̀wé wí, tíṣà kò fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, èyí sì ni ó yà mí lẹ́nu. Ó ní òtítọ́ díẹ̀ wà nínú pé ìwọ̀n sípíríǹgì tí a tò ní òkè òkun kì í bá ti ibí dọ́gba, ṣùgbọ́n kì í ṣe oòrùn ni ó ń fà á tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwọ̀n yìí kò mọ kòkó, kò mọ ìrẹsì, fífà nìkan ni ó mọ̀. Ó ní kí ọmọdékùnrin tí ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan fi ọwọ́ fa ìkọ́ náà: abẹ́rẹ́ sáré dé 22, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹrù kankan níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n fún irú agbára fífà bẹ́ẹ̀, newton ni wọ́n ń pè é, wọ́n fi orúkọ Isaac Newton sọ ọ́. Ẹrù kílò kan ń fi newton 9.8 tàbí nǹkan tí ó súnmọ́ ọn fa sípíríǹgì, nítorí pé ilẹ̀ ayé ń fà á sọ́dọ̀. Fífà ilẹ̀ kò sì dọ́gba níbi gbogbo. Ní ọ̀dọ̀ wa, níbi tí ó súnmọ́ àárín gbùngbùn ayé níbi tí ayé ti yọ ikùn síta, ó tó 9.78, ní Lọ́ńdọ̀nù ó tó 9.81. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú 1000. Lórí àpò kòkó kan, kò tó kílò kan dá sí márùn-ún. "Ṣé ìyẹn ni ó di kílò mẹ́rin, ọ̀gbẹ́ni?" ni tíṣà bi í.

Òṣùwọ̀n alápá méjì, mísáánì tí Àlùkùránì dárúkọ rẹ̀, kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí bí ilẹ̀ bá ti ń fa apá kan náà ni ó ń fa apá kejì. Mo sọ èyí fún tíṣà, mo sì fi kún un pé ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa, al-Khazini, ẹni tí ó jẹ́ ẹrú tí a dá sílẹ̀ ní ìlú Merv, kọ odindi ìwé lórí òṣùwọ̀n náà ní nǹkan bí 1121, ó sì ti wí i níbẹ̀ pé ìwúwo nǹkan ń yí padà bí ó bá ti jìnnà sí àárín ayé tó. Inú tíṣà dùn sí i. Ó kọ orúkọ náà sínú ìwé rẹ̀.

Mo rò pé ẹjọ́ ti tán. Mo ń ká aṣọ ìnura mi láti fi wé ìwọ̀n tiwa nígbà tí akọ̀wé náà, tí ó ti dákẹ́ láti ìgbà tí ìṣó ti jáde, gbé búútà mi nílẹ̀, kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó gbé e kọ́ ìwọ̀n mọ́ṣáláṣí wa.

Abẹ́rẹ́ lọ sí 3.

Ó gbé píọ̀ wọ́tà kọ́ ọ: 11. Ó gbé sìmẹ́ńtì kọ́ ọ: 51. Ó wò mí, ó ní, "Alfa, ẹ ṣe wàásù yẹn tán ni?"

Mo súnmọ́ ìwọ̀n náà, mo fi etí agbádá mi nu ojú gíláàsì rẹ̀ tí erùpẹ̀ bò. Kò sí ẹrù kankan lórí rẹ̀, abẹ́rẹ́ sì dúró lórí ìlà kìn-ín-ní lẹ́yìn òdo. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kì í ṣe pé n kò rí i rí. Mo ti ń rí i láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí mo sọ nínú ọkàn mi ni pé ìlà kan péré ni, kí ni ìlà kan jẹ́?

Tíṣà béèrè bóyá a ti gbé ohun tí ó ju agbára rẹ̀ lọ kọ́ ọ rí. Ó ní òfin Hooke ní ààlà, pé bí a bá fa sípíríǹgì kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kì í padà sí àyè rẹ̀ mọ́, bí bẹ́ẹ̀dì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sùn sí lórí tí àárín rẹ̀ jìn. Mo rántí. Kí ààwẹ̀ tó wọlé, nígbà tí a fẹ́ mọ bí ẹ̀rọ amúnáwá mọ́ṣáláṣí ti wúwo tó kí a tó há ọkọ̀ fún un, èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e kọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ kọjá 100, ó yí gba ibi òdo kọjá, a sì pariwo, a rẹ́rìn-ín, a sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni a fi ìwọ̀n kan náà pín ìrẹsì.

A parí ti kòkó kí oòrùn tó kan àtàrí. Òtítọ́ wà láàárín ìwọ̀n méjèèjì: kílò 62 àti ààbọ̀ ni àpò náà. A yí abẹ́rẹ́ ìwọ̀n akọ̀wé padà sí òdo gidi, búútà sì fi hàn pé ó tọ́, kílò méjì gẹ́lẹ́. Òun ni a fi wọn àpò 9 náà. Akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ ni olówó òun ṣe gbé ìwọ̀n lé òun lọ́wọ́, òun kò mọ̀ nípa ìṣó. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan kò gbà. Ní ti kòkó àwọn ọdún tí ó ti kọjá, kò sí ẹni tí ó lè sọ iye tí ó lọ, ẹni tí ó sì jẹ ẹ́ kò sí níbẹ̀. Baálẹ̀ pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, ìwọ̀n tí ó bá wọ abà náà, búútà mọ́ṣáláṣí ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé kọ́ ọ. Mo fi búútà mi sílẹ̀ fún wọn.

Bí mo ti ń padà lọ sí Ìbàdàn ni mo ń ṣe ìṣirò nínú ọkọ̀. Àpò ìrẹsì márùn-ún ni a rà ṣáájú ààwẹ̀, kílò 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 250. Àwọn ìyá 24 ni wọ́n san owó kílò 10 kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ó ku kílò 10. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pín in tán, 34 ni ó kù! A ya ẹnu. Gbogbo wa ní bàrákà oṣù mímọ́ ni. Mo gbé kábárà, àwọn ìyá sì fi tayọ̀tayọ̀ ní kí àwọn Alfa máa gbé ìyókù náà lọ ní sàráà: Lèmọ́mù gba 10, àwa mẹ́ta yòókù gba 8-8. Mo jẹ ẹ́. Ìyàwó mi sè é pẹ̀lú ẹ̀wà, a fi ṣínu.

Kì í ṣe bàrákà. Kílò kan ni a yọ lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan, owó rẹ̀ ni wọ́n sì san.

Mo kọ́kọ́ lọ bá Lèmọ́mù wa nílé. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó bi mí ní ohun kan ṣoṣo: iye tí òun gbà. Ó rán ọmọ rẹ̀ lọ ra ìrẹsì ní alẹ́ ọjọ́ náà. Alfa kejì náà dá tirẹ̀ padà. Ẹni kẹta ní sàráà ni wọ́n fún òun, tọkàntọkàn ni wọ́n fi fún òun, òun kò sì ní gbèsè lọ́rùn. A ṣì ń bá a sọ ọ́. Nínú 34 náà, 10 jẹ́ ìyókù òtítọ́, nítorí náà 24 ni a ń wá, a sì ti rí 26 láti ọwọ́ àwa mẹ́ta.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn àdúrà Àsàláátù, mo gbé ìwọ̀n náà jáde, mo gbé búútà tuntun tí mo rà jáde, mo sì fi hàn wọ́n. Ẹnu mi ń gbọ̀n ju ti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pe ìrun lọ. Ìyá Àdínì kò jẹ́ kí n parí wàásù tí mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ dúró, Alfa Ládàánì. Ẹ̀rọ amúnáwá yẹn, ṣé a rí ọkọ̀ tí ó gbé e?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Ó ní, "Ẹ wá tún ìwọ̀n yẹn ṣe, kí ẹ wọn kílò kan-kan fún wa. Búútà ni kí ẹ sì máa kọ́kọ́ gbé kọ́ ọ, lójú wa."

A mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tún ìwọ̀n ṣe ní Dùgbẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀. Ìyá 23 ti gba tiwọn. Ọ̀kan tí ó kù ti lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Mo ti ránṣẹ́ sí i. Ìrẹsì rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lórí pẹpẹ yàrá ẹrù, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára, ọmọ rẹ̀ sì ti ní kí Mọ́úlúdì tó dé, òun yóò gbé ìyá wá kí wa.